Ìhìnrere Lẹ́nu Jemima Aránṣọ

Bí ẹ bá dé Odode ní Ìdànrè, tí ẹ béèrè Jemima aránṣọ, ọmọdé gan-an á mú yín débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí òkè, ó sì fẹ̀gbẹ́ kan ti Kùdírátù tó ń ta aṣọ. Mùsùlùmí ni Kùdírátù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Toheeb. Jemima ni Ìyá Success, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni láti kékeré. Bí àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, oníbàárà á dúró kí wọ́n rín in tán kó tó sọ ohun tó bá wá.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba Jemima lẹ́rù: kó dìde níwájú èèyàn kó sọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí pásítọ̀ wọn kéde pé kí kálukú jáde lọ sọ ti Jésù fún ẹlòmíì, ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹnu dà? Síbẹ̀, wọ́n gbé gbohùngbohùn ọlọ́wọ́ lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ó dúró ní oríta, ó gbé e sẹ́nu, gbogbo ohun tó ti kọ́ sórí sì pòórá.

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará àdúgbò,” ó ní. Ó tún ní, “Ṣé dáadáa lẹ jí?”

Ló bá sá wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Toheeb rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìyá Success, o kí wa dáadáa o! Ọkọ mi dá ẹ lóhùn látorí ibùsùn, o ò kàn gbọ́ ni.”

Jemima náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó sunkún díẹ̀. Ó ní iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tòun.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọkùnrin kan tó ń tiro gbé ṣòkòtò tó ya wá pé kó bá òun lẹ̀ ẹ́. Dúrójaiyé lorúkọ rẹ̀. Láti Ìṣẹ́yìn ló ti wá ṣe alágbàṣe nínú oko kòkó kan lọ́nà Ọ̀wẹnà. Jemima rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára ṣòkòtò. Ó wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà: àdá ti ṣá a, ó sì ti wú.

“Ta ló ń tọ́jú ẹ?”

“Èmi nìkan ni, màmá.”

Jemima pa ẹ̀rọ tì. Ó fi ṣọ́ọ̀bù síkàáwọ́ Ìyá Toheeb, ó pe ọ̀kadà, ó gbé Dúrójaiyé lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fọ ojú ọgbẹ́, wọ́n gún ọkùnrin náà lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kó sinmi. Láti ìgbà náà, bí Jemima bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, á gbé oúnjẹ lọ fún un lóko. Ìyá Toheeb á fi ẹja yíyan sí i.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó nítòsí ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí. Dúrójaiyé ní, “Màmá, ẹ ò bá mi tan. Kí ló dé tí ẹ ń ṣe gbogbo èyí?”

“Nítorí Jésù ni,” Jemima ní. Kò sí ohun mìíràn tó wá sẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin náà wolẹ̀. “Àbíkú ni wọ́n ní mo jẹ́. Wọ́n bẹ̀ mí kí n dúró jẹ ayé. Mo dúró, màmá, ṣùgbọ́n ayé tí n óò jẹ gan-an ni mi ò tíì rí.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló ṣí Jemima lẹ́nu. Ó sọ bí Ọlọ́runtóbi ọkọ rẹ̀ ṣe kú, tí òun jókòó sídìí ẹ̀rọ, tí ọwọ́ òun kò lè mú abẹ́rẹ́. Ó sọ bí òun ṣe ké pe Jésù nínú ẹkún, láìmọ àdúrà kankan ju “ràn mí lọ́wọ́” lọ, tí ọkàn òun sì rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé pọ̀n.

“Mi ò mọ ìwàásù,” ó ní. “Ohun tó ṣe fún mi nìkan ni mo mọ̀. Kò ní ti ìwọ náà dànù.”

Àwọn alágbàṣe yòókù tó ń sá kòkó dúró láti gbọ́. Nígbà tó dákẹ́, ọ̀kan nínú wọn ní, “Màmá, ẹ ṣì máa sọ ọ́ o!” Inú Jemima dùn débi pé ó gbàgbé abọ́ rẹ̀ sóko.

Ẹsẹ̀ Dúrójaiyé jinná, ó sì ní òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Odò Ọ̀wẹnà ni wọ́n lọ. Àwọn alágbàṣe bá a lọ, Ìyá Toheeb náà sì gbé aṣọ tuntun dání. Ó ní, “Ẹ̀sìn tèmi yàtọ̀ sí tiyín, ṣùgbọ́n ọmọ wa kò gbọdọ̀ wọ aṣọ tútù wálé.”

Pásítọ̀ rì í bọmi. Ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lára rẹ̀. Jemima kò lè dúró kó gòkè: tòun ti bàtà, tòun ti gèlè, ó wọ inú odò lọ dì mọ́ ọn, díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì ṣubú. Orin bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ títí àwọn tó ń fọ aṣọ lódìkejì odò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.