Fíìmù Onífọ́tò Méjìlá Tí A Gbé Lọ sí Gálílì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, tó dá ìmọ́lẹ̀ kó tó dá ojú tí yóò rí i.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkìrun, kò sí ọjọ́ tó dùn mọ́ wa bí Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde, tí ìjọ wa máa ń gun òkè, tí a ń pè é ní lílọ sí Gálílì. Àwa ọmọdé la máa ń ru mọ́ínmọ́ín eléwé, òórùn rẹ̀ á sì máa dán ìgbàgbọ́ wa wò lójú ọ̀nà.

Kámẹ́rà méjì ni Bàámi ní. Kékeré ń wọ àpò, fọ́tò mẹ́rìndínlógójì ni fíìmù rẹ̀ ń yà. Ńlá wúwo bí ọlọ. Fíìmù rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n méjìlá péré ló ń yà.

Lọ́dún kan, Ìyá Inísà, ìyá tó bí Bàámi, ní àwọn náà á gun òkè. Wọn ò ya fọ́tò rí. Bàámi sì fẹ́ gbé fọ́tò wọn kọ́ sí pálọ̀.

“Bàbá Bọ́lá, ẹ gbé kékeré,” ni Màámi wí. “Òkè là ń gùn, a ò kó ilé lọ.”

“Tí a bá fẹ fọ́tò kékeré tó ti ògiri, ojú Ìyá á fọ́n ká bí ògì olómi. Méjìlá tó. Méjìlá ni Jésù náà kó jọ.”

Ìyá Inísà rẹ́rìn-ín. “Ṣùgbọ́n mọ́kànlá ló dé Gálílì o, Àkànní. Júdásì ò débẹ̀.”

Orí mi ni igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé gbà dókè. Akọrin gba fọ́tò tiwọn, àwọn ìyá ìjọ gba tiwọn. Nínú ti àwọn ọmọdé, etí mi nìkan ló hàn. Ó wá ku ẹyọ kan. Ìyá Inísà jókòó lórí àpáta, wọ́n le ojú koko.

“Ìyá, ẹ má mira rárá!”

“Ṣé kí n ṣì máa mí?” Ọ̀rọ̀ ara wọn pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n mi orí jìgìjìgì. Bàámi sì ti tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà, mọ́kànlá mọ́ kedere. Nínú ìkejìlá, gèlè Ìyá di méjì, eyín wọn sì tàn káàkiri. “Júdásì rèé!” ni Bàámi ké, wọ́n fẹ́ fi í pamọ́.

Ìyá Inísà já a gbà. “Èmi gan-an nìyí. Ẹ gbé e kọ́!”

Lónìí, fọ́tò kún inú fóònù àwọn ọmọ mi, àtirí ẹyọ kan yọ níbẹ̀ sì di wàhálà. Ìyá Inísà ti lọ sinmi. Mọ́kànlá tó mọ́ kedere yẹn, a ò mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí. Júdásì nìkan ló dúró tì wá, tó ń rẹ́rìn-ín lára ògiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín àwọn àgbà yín tán nílé yín.