Àwọn Tí Kò Gbọdọ̀ Wá Lọ́jọ́ Ìdánwò

Nílé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Enugu, ọ̀gá wa ti ṣèlérí fáwọn aláṣẹ pé gbogbo ọmọ tó bá jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà ló máa yege. Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó pè mí.

"Tíṣà, sọ fáwọn olódo kíláàsì rẹ kí wọ́n jókòó sílé."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní bí n kò bá lè sọ ọ́, òun á sọ ọ́ fúnra òun. Ó sì sọ ọ́ fún wọn.

Láàárọ̀ ìdánwò, ọ̀kan nínú wọn ṣì wá, ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń wa èédú. Ó ti lọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ dáadáa. Ọ̀gá dá a dúró lẹ́nu géètì. Ọmọ náà fi Píjìn bẹ̀ mí pé kí n bá òun bẹ ọ̀gá, pé òun ti kàwé.

Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbìyànjú."

Ọ̀gá ní, "Àwọn tó kù ń dúró dè ọ́."

Mo wọlé, mo pín ìwé ìdánwò. Láti ojú fèrèsé, mo rí ọmọ náà tó dúró lẹ́nu géètì fún ìgbà pípẹ́ kó tó máa lọ.

Gbogbo àwọn tó jókòó ló yege. Àwọn aláṣẹ wá yìn wá, èmi náà sì bá wọn pàtẹ́wọ́.