Ìtàn Ìjàkadì Tí Mo Sọ Láàbọ̀

Mo gbá ọmọ mi létí lónìí, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi.

Bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Títí lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó gbé àbúrò rẹ̀ sókè, ó là á mọ́lẹ̀ gbì! Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti ba etí rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ ṣẹ́ ẹ lápá ni?"

Ó ń sunkún: "Dádì, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe la Ọ́ńkù Kúnlé mọ́lẹ̀!"

Òótọ́ ni. Ní Ifẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1984, tá a bá ti wo ìjàkadì lórí tẹlifíṣọ̀n tán, àbúrò mi ni mo máa ń dán an wò lára. Ìtàn yẹn ni mo fi ń pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ ìyókù. Apá Kúnlé kán. Bàbá tó ń to eegun ní Modákẹ́kẹ́ di apá náà mọ́ igi, ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, ó di òun náà mọ́ igi, ó ní ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, apá ti jinná nìyẹn.

Adìẹ rìn. Apá Kúnlé ò nà tán títí dòní.

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yin òbí, ibo lẹ máa ń fò nínú ìtàn tiyín?