Àmì Tí Kò Sí Lórí Ogun

Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ojú mi sí di òní, tí mo ṣì lè rí ìlà tín-ín-rín tó wà lórí lẹ́tà kan. Ẹni tó bá kà dé ìsàlẹ̀ yóò mọ ìdí tí mo fi ń dúpẹ́ lórí ohun tó kéré báyìí.

Mo rántí ìgbà tí mo fẹ́ kó ìwé méjì tí mo kọ jáde ní gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Igbein. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà náà. Ọ̀kan jẹ́ ìwé ABD fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, èkejì jẹ́ ìtàn ìgbà ogun Bọ́mà fún àwọn tó ti ń bàlágà. Ìtàn ìyá mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ iṣẹ́ ṣọ́jà, tí ọkọ̀ òkun gbé e lọ, tí kò sì padà wá mọ́. Mo pe ìwé náà ní “Ogun Ìyá Mi”, nítorí lójú tèmi, ìyá mi ja ogun tirẹ̀ nílé.

Katikíìsì ìjọ wa ló kọ́ mi ní àmì ohùn nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láìka àmì sí, irọ́ ló ń pa mọ́ Ọlọ́run. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sórí kọjá bó ṣe yẹ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi bírò pupa dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Kódà, bí wọ́n bá lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri ilé ìjọ, mo máa ń fi bírò mi tún un ṣe kí n tó wọlé jọ́sìn. Mo rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni mò ń ṣe.

Inú ìwé náà pé pérépéré, torí mo jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí mo lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ mi tuntun ní Alábàtà ni atẹ̀wé ṣe iwájú ìwé àti káàdì ìpè, ó sì ti bá mi pín káàdì náà kí n tó dé. OGUN IYA MI ló kọ síbẹ̀, gbàgàdà gbàgàdà, láìsí àmì kan.

“Àmì dà?” ni mo bi í.

“Mà, lẹ́tà ńlá yẹn kì í gba àmì dáadáa. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á kúkú mọ̀ ọ́n kà.”

Lóòótọ́, ogun tí à ń jà kò ní àmì kankan lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí IYA pàápàá kò ní àmì, ta ni yóò gba OGUN gbọ́? Olúkúlùkù kà á bó ṣe wù ú. Màmá kan nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pè mí lórí fóònù pé ṣé oògùn ìyá mi yẹn ń ṣiṣẹ́ fún orúnkún, kí n bá òun fi ìgò méjì pamọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. N kò mọ̀ pé káàdì kan ti dé Òṣíẹ̀lẹ̀, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi.

Ọmọ méjì péré ni ìyá wọn fi sáyé lọ, ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yìí, pẹ̀lú ilé kan ní Igbein tí ìyá mi ń gbé. Àbúrò ní kí wọ́n tà á, ìyá mi ní òun kò tà. Ọdún kẹfà nìyẹn tí wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá mi ṣì ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà òwúrọ̀. Èmi ni n kì í ṣe àmín síbẹ̀. “Ogún Ìyá Mi” ni bàbá náà, àbúrò ìyá mi, kà lórí káàdì. Ó gbà pé mo ti kọ ìwé láti fi kéde fún gbogbo Ẹ̀gbá pé ilé ti di tèmi.

Sátidé tí a kó ìwé jáde, ó dé kí a tó gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ó wọ agbádá funfun, ó há àpò ìwé kan mọ́ abíyá, àgbà ẹbí méjì sì tẹ̀ lé e. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Tíṣà, o kú iṣẹ́.” Kò wojú mi. “Ka ogún rẹ fún wa, a ti wá gbọ́. Bí o bá kà á tán, èmi náà á ka tèmi.” Ó fọwọ́ lu àpò ìwé náà.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Kí n tó ṣàlàyé, ó ti lọ jókòó níwájú, ó yíjú sí fèrèsé kó má bàa rí ìyá mi tó ti jókòó síbẹ̀. Ojú ìyá mi ti ń ṣú, kò lè ka ìwé náà fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé kí àwọn ọmọ ìjọ gbọ́ ìtàn òun nígbà tí òun ṣì wà láyé. Bí bàbá yìí bá dìde ka ìwé ilé láàárín wa, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà tó ń dà mí láàmú. Nígbà tí mo ń kọ ìwé náà, inú bàbá yìí ń bí mi, mo sì yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn. Mo fi àpò ẹ̀kùrọ́ rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn ìyá mi. Nígbà tí mo kà á sí ìyá mi létí, ó dá mi dúró. “Kì í ṣe ẹ̀kùrọ́ ni mo pọ̀n. Àbúrò mi ni. Dá a padà sí ẹ̀yìn mi.” Mo dá a padà, ṣùgbọ́n n kò dárúkọ rẹ̀.

Mo dìde, mo kàwé. Mo ka bí ìyá wọn ṣe ń pa ẹ̀kùrọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ torí ìjọba ní ogun nílò rẹ̀. Mo ka bí iyọ̀ ṣe wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ń tò nítorí ife kan, àti bí ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ ṣe pọ̀n ọmọ lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pariwo pé iyọ̀ fẹ́ tán, èrò rọ́, wọ́n bì í ṣubú. Ó tú ọ̀já, ó fa ọmọ náà sábẹ́ àyà, ó sì fi ara bò ó. Wọ́n tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbá iyọ̀ tó dà sílẹ̀ jọ tòun ti yanrìn. Ìyá wọn pò ó mọ́ omi, ó sẹ́ ẹ, omi yẹn ni wọ́n fi se ọbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọmọbìnrin kan láàárín àwọn ọmọ ìjọ tó ń gbọ́ nawọ́ sókè. “Mà, ọmọ tó pọ̀n yẹn ńkọ́? Ṣé ó kú ni?”

Ìyá mi ló dáhùn. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tí ìka kékeré rẹ̀ ti wọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. “Kò kú. Òun ló wọ funfun níwájú yẹn. Ẹ kí i.”

“Ẹ káàárọ̀, sà,” ni gbogbo àwọn ọmọ náà wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìka yẹn ni bàbá náà ń wò.

“Ẹ sọ fún mi pé ọlọ ló já lé e.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ òótọ́ fún mi, Ẹ̀gbọ́n?”

“Ta ló ń sọ fún ọmọ pé òun pọ̀n ọ́n?” Ìyá mi mí kanlẹ̀. “O wúwo ṣá. O ṣì wúwo.”

Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá náà fi etí agbádá nu ojú, ó gbé àga rẹ̀, ó lọ gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Nígbà tí alága ní kó sọ̀rọ̀, ó ní òun kò ní ìwé kankan láti kà mọ́. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló rí àpò ìwé náà nílẹ̀ lẹ́yìn tí a túká. Mo ránṣẹ́ sí i ní Òṣíẹ̀lẹ̀ pé kó wá mú un. Ó ní kí n bá òun fi pamọ́.

N kò ní purọ́ pé ọ̀rọ̀ ilé parí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí páànù òrùlé tó ń jò títí ìyá mi fi lọ sinmi, ṣùgbọ́n ojúkojú ni wọ́n ń jà á, tí oúnjẹ wà níwájú wọn. Wọn kò ta ilé náà. Ní Sátidé, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń jókòó síwájú rẹ̀ kàwé, bàbá náà á sì wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá dé ibi iyọ̀, á ní, “Èmi nìyẹn.”

Nígbà tí a fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀, atẹ̀wé ti kọ́ ọgbọ́n. Ó ní òun ti lè fi àmì sórí lẹ́tà ńlá báyìí. Mo ti mú bírò pupa mi jáde nígbà tí mo pe bàbá náà láti sọ fún un.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Ogún ni mo kà, ogun ni mo bá níbẹ̀. Fi í sílẹ̀, kí ẹlòmíràn náà lè ṣì í kà, kó sì wá.”

Mo dé bírò mi padà. Títí di òní, bí mo bá gbé ìwé náà, ojú mi tí Ọlọ́run dá sí ṣì máa ń wá ìlà kékeré tí kò sí lórí IYA, mo sì máa ń dúpẹ́ pé n kò fi í síbẹ̀.

Ìwọ tí o kà mí dé ìhín, kí Olúwa fún ọ ní ẹni tí yóò dá ọ padà sínú ìtàn bí ìbínú bá yọ ọ́ kúrò. Èyí tí o bá sì ṣì kà láyé, kí Ó jẹ́ kó mú ọ délé.