Bí Mo Ṣe Gbé Ajá Ọdẹ Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lẹ́nu èmi fúnra mi, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu Gyang. Ó ti ń sọ ọ́ kiri Àpáta ní Jos níbí, iyọ̀ tó ń fi sí i sì ti pọ̀ jù.

Ẹ mọ̀ pé kọ́tìnì ni mo ń tà ní ọjà Terminus. Kí ló wá pa oníkọ́tìnì àti ọdẹ pọ̀? Gyang yìí ni, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé. Ó máa ń lọ pa àparò lórí òkè ní Sátidé, èmi náà a sì máa tẹ̀ lé e. Ìgbà tó yá, mo ní mo fẹ́ ra ajá tèmi. Ṣebí ọmọ ọdẹ ni mí? Wọ́n ní bàbá bàbá mi pa ẹkùn ní Iléṣà. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, akọ̀wé rélùwéè ni, eku ilé gan-an kò pa rí.

Gyang mú mi lọ sọ́dọ̀ Mama Kaneng ní Hwolshe, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sin ajá tí wọ́n fi ń ṣọdẹ ẹyẹ. Ìyá náà kó àwọn ọmọ ajá jáde, ó so ìyẹ́ àparò mọ́ okùn, ó ń fà á nílẹ̀ níwájú wọn, ó sì ń ṣàlàyé bí irú ajá yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi mí pé kí ló sọ. N kò mọ̀. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni mo ń ròyìn ẹkùn bàbá bàbá mi fún un.

Mo ní kí Mama má ṣèyọnu, pé Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ajá tó máa pa ikún, ojú ni a ti ń mọ̀ ọ́n. Mo ń wo ojú àwọn ọmọ ajá lọ́kọ̀ọ̀kan bíi dókítà. Abo kan tí etí rẹ̀ dúdú ni mo mú. Mo sọ ọ́ ní Tanímọ̀la nítorí aládùúgbò mi kan tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣebí orúkọ ajá náà la fi ń fèsì fún irú wọn.

Tanímọ̀la dàgbà, ó lẹ́wà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Á máa sáré lọ, á máa gbóòórùn, tó bá ti kù díẹ̀ kó dé ìdí ọgbà níbi tí àwọn àdàbà ń ṣà jẹ, á kàn dúró gbagidi, á gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, kò ní mì. Mo gbà pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Mo fi òrí ra ẹsẹ̀ náà títí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo ní dókítà náà kò mọṣẹ́.

Ìyàwó mi, ìyá Dárà ọmọ wa, tí wọ́n bí sí Jos níbí, ló kọ́kọ́ fura. “Haba, Baban Dárà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lánàá, ẹsẹ̀ òsì lónìí. Àrùn wo ló ń pààrọ̀ ẹsẹ̀?”

Ṣé mo gbọ́? Mo pe Mama Kaneng lórí fóònù, mo ní arọ ló tà fún mi, mo fẹ́ dá a padà. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní èmi tí mò ń bá a gbélé kọ́? Ó ní kò burú, kí n mú un wá ní ọ̀sán Sátidé, pé ọkùnrin kan ti ń bẹ òun fún irú rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, inú mi bà jẹ́. Ajá yẹn ti mọ ìró kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi wálé. Ẹnu géètì ló ti ń dúró dè mí.

Láàárọ̀ Sátidé náà, Gyang ní kí a jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan òkè lẹ́ẹ̀kan péré kó tó lọ. A dé ibẹ̀, Tanímọ̀la ń sáré, inú ẹ̀ ń dùn. Bó ṣe dé ẹ̀bá koríko kan, ó dúró, ó gbẹ́sẹ̀ sókè. Gyang rọra gbé ìbọn, ó sì na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró. Mo rò pé ẹsẹ̀ ajá ló ń tọ́ka sí, pé òun náà ti wá rí i. Mo ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” mo sáré lọ síbẹ̀, mo gbé ajá bí ẹni gbé ìkókó.

Ẹ gbà mí! Àparò ya jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀kan fi ìyẹ́ gbá fìlà mi. Mo ṣubú sẹ́yìn, ajá wà lórí àyà mi. Gyang kò lè yìnbọn, nítorí orí mi ló wà níwájú ìbọn.

Mo ń retí èébú. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó jókòó sórí òkúta, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. “Kai, ka kashe ni,” ó ní mo ti pa òun. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé irú ajá yẹn kì í lé ẹyẹ. Tó bá ti gbóòórùn wọn, á dúró, á gbẹ́sẹ̀, kí ọdẹ lè mọ ibi tí wọ́n wà. Látọjọ́ yìí, iṣẹ́ ni ajá mi ń ṣe, tí mo ń fi òrí ra á.

Ọ̀sán sì ti ń lé bọ̀. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe sáré dé Hwolshe? A bá ọkùnrin náà tó ti jókòó, okùn tuntun lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú Mama Kaneng, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, tòun ti òrí, mo ní n kò dá ajá mi padà mọ́. Gyang ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá náà wò mí bí ìgbà tí tíṣà ń wo ọmọ tó fìdí rẹmi. “Ba kare ba ne,” ó ní. “Kai ne.” Pé kì í ṣe ajá, èmi ni. Ó bẹ ọkùnrin náà kó dúró de àwọn ọmọ ajá mìíràn. Ó ní kí n máa mú Tanímọ̀la lọ, ṣùgbọ́n kí èmi àti ajá jọ máa wá gba ẹ̀kọ́ ní gbogbo Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí a jẹ́ kí ẹni tó mọ nǹkan sọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ ti fi àmọ̀tán bà jẹ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kó má jẹ́ pé èmi nìkan ni òmùgọ̀ tó wà lójú ewé yìí.

Àná ni a lọ gba ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Tanímọ̀la sùn sábẹ́ igi máńgòrò. Èmi ni Mama Kaneng ní kó dúró, kó má sì mì.