Orin Ìjìyà Olúwa ní Ilé Eulalia

Nígbà tí Eulalia Manalastas ń ṣeré nínú sinimá tí kò ní ohùn, ẹnu rẹ̀ tó ń mì nìkan ni gbogbo Manila, olú-ìlú Philippines, ń rí, wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ogun dé, àwọn sójà Japan gba ìlú, wọ́n sì fi òfin de ìpéjọpọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ dé, Eulalia kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ síwájú àgbélébùú nínú ilé rẹ̀ láti kọ orin ìjìyà Olúwa. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ orin yìí, a kì í dá a dúró títí yóò fi parí.

Sójà kan já wọlé. "Ẹ panu mọ́!"

Basilia aládùúgbò rẹ̀ fà á láṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́! Àbí ikú ló ń wù yín ni?"

Àwọn yòókù ṣì ń kọrin. Eulalia rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi ń la ẹnu lásán. Sójà yìí wá fẹ́ kí n tún panu mọ́? Ó pẹ́ kó tó dé! Bí wọ́n bá mú mi, ìwọ ni kó o gba ẹsẹ tó kàn."

Ó gbé ohùn sókè. Sójà náà wọ́ ọ jáde tòun torin lẹ́nu, kò sì padà wálé mọ́ láyé. A lè de ènìyàn. A kì í de ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Basilia ló gba ẹsẹ tó kàn.