Ibi Tí Gbogbo Wa Ti Máa Ń Sọ̀kalẹ̀

Òkè kan wà lójú ọ̀nà oko kòkó bàbá mi ní Ìdànrè. Láti kékeré mi, bí ọkọ̀ Píjò Bàbá bá ti dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò dìgbà tí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀, gbogbo wa á bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Bàbá nìkan ló ń wà á gòkè. Màmá á máa gbé òkúta tẹ̀lé e, kí wọ́n lè fi dí táyà bí ọkọ̀ bá fẹ́ yí padà sẹ́yìn.

Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì náà gbó débi pé kò lè gbé Bàbá nìkan gòkè mọ́. Wọ́n á fẹsẹ̀ rìn, títí orúnkún fi kọ̀ fún wọn. Ọ̀kadà ńkọ́? Ọ̀kadà ti gbé wọn ṣubú rí. Ọkọ̀ mìíràn ńkọ́? Wọ́n ní Píjò àwọn ò tíì kú. Wọ́n wá sọ lọ́jọ́ kan pé bí àwọn ò bá fojú ara àwọn rí kòkó lọ́dún yìí, àwọn á fa oko náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Oko yẹn ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa.

Ọkọ mi ní ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun. Mẹkáníìkì ni, ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ó ní òun á yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, òun á gbé ti ìgbàlódé onítọ́bò sí i. Mo ní ṣé ọkọ̀ àna ló fẹ́ fi dánra wò. Lọ́jọ́ tí mo bá Píjò Bàbá tí wọ́n ti tú inú rẹ̀ síta, tí wáyà ń fì dirodiro, mo gbaná jẹ.

Kò bínú. Ó mú tọ́bò náà wá, ó ká rìbìtì bí ìkarahun ìgbín. Ó ní èéfín tí ọkọ̀ ń tú dànù ni yóò máa yí fáànù inú rẹ̀, fáànù náà á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, bí ìgbà tí mo bá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ná. Ká sọ tòótọ́, ọkùnrin yìí mọṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà ò bá ààyè rẹ̀ mu, ó gé irin, ó jó irin mìíràn mọ́ ọn. Gíà ò lè gbà á, ó pààrọ̀ gíà. Ó pààrọ̀ bíréèkì pẹ̀lú, ó ní ọkọ̀ tó bá mọ eré sá gbọ́dọ̀ mọ ìdúró. Lọ́jọ́ tó ṣáná sí i, orí mi wú.

Bàbá fúnra wọn ló wà á lọ oko. Ọkọ mi jókòó síwájú, èmi àti Màmá wà lẹ́yìn. Bí a ti dé ìsàlẹ̀ òkè, Bàbá rọra dúró. Màmá bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé òkúta. Mo bọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi náà bọ́ sílẹ̀. Bàbá tẹsẹ̀ mọ́ ọn, ọkọ̀ gun òkè fìì, a ò rí i mọ́.

Mo kọjú sí ọkọ mi. "Ìwọ tí o ṣe é, kí lo sọ̀kalẹ̀ fún?"

Láti ìgbà tó ti ń wá fẹ́ mi lòun náà ti ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ bí a ti dúró títí tí a ò gbúròó ọkọ̀, ẹ̀rín dá. Ṣé ẹ́ńjìnnì náà ò ti kú lókè? Ọkọ mi ti ń sáré gòkè nígbà tí ọkọ̀ padà yọ.

Kòkó pípọ́n kan wà lórí itan Bàbá. Wọ́n wo ọkọ mi títí, ojú wọn ń dán.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn. Kòkó ti pọ́n. Mi ò fa oko mi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́."

Màmá gbé òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì wọlé.